Ọ̀bẹ Àpò Kì í Ṣe Ti Ọmọ Ìta

Ní ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo lọ gba owó ní báńkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ ara mi wò, irinṣẹ́ náà ké, ó sì ní kí n kó gbogbo ohun tó wà lápò mi síta. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ilé síta, mo mú fóònù síta, lẹ́yìn náà ni mo yọ ọ̀bẹ kékeré kan tó ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti papò dà. Pípadé ni ọ̀bẹ náà wà. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Síbẹ̀ ọmọkùnrin náà fẹsẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin tó tò tẹ̀ lé mi sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. “Bàbá,” ni ọmọkùnrin náà wí, “ṣé irú yín náà ló ń fi ọ̀bẹ sápò bí ọmọ ìta?”

N kò bá a jà. Báńkì kì í ṣe ibi tí èèyàn ń mú ọ̀bẹ wọ̀, èmi ni mo gbàgbé pé ó wà lára mi. Ó gbà á, ó fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì dá a padà fún mi nígbà tí mo ń jáde. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní ni gbólóhùn yẹn, torí pé òun kọ́ ló dá a sọ. Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ, olùkọ́ ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́pàá ń sọ ọ́ lójú pópó: ọmọlúàbí kì í fi ọ̀bẹ sápò.

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré tó ṣeé ká, èyí táwọn èèyàn ń pè ní jákináìfù, àpò ọmọlúàbí gan-an ni ibi tó yẹ ẹ́. Mo sì ní àwa tá a kọ̀ ọ́ sílẹ̀ la jẹ́ kó di ti ọmọ ìta.

Oníṣòwò obì ni bàbá mi. Ó máa ń ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láwọn abúlé tó yí wa ká, á kó o lọ fáwọn Haúsá ní Sábó ní Ṣàgámù, níbi tí obì ti ń gbéra lọ sókè Ọya. Ṣẹ́fíìdì, ìlú àwọn arọ̀bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe ọ̀bẹ rẹ̀. Orúkọ ìlú náà ṣì wà lára irin rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń parẹ́. Ìwo ẹran ni wọ́n fi ṣe èkù rẹ̀. Irin méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyá àti ọmọ. Ìyá ló fi ń gé okùn apẹ̀rẹ̀ àti ewé tí wọ́n fi ń bo obì. Ọmọ ló fi ń la ẹyọ kan nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Bó bá di alẹ́, ọ̀bẹ kan náà ló fi ń bó ọsàn fún wa, tí èèpo rẹ̀ á máa fà gbọọrọ láìjá títí ó fi máa balẹ̀. Òun ló fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ wa, lẹ́yìn tó bá ti fi iná ìṣáná ra ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ti lò ó tán, á fi etí bùbá nù ún, á pa á dé, kò tún sí ẹni tó máa rántí pé ọ̀bẹ wà níbẹ̀.

Mo rántí àwọn àgbà tó máa ń jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ń wá ọ̀bẹ, mẹ́ta mẹ́rin ló máa jáde lápò agbádá. Télọ̀ ní tirẹ̀, tísà ní tirẹ̀, ẹni tó ń ta aṣọ ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó fura sí ẹnì kejì. Lónìí, níbi ìsọmọlórúkọ tí ogún ọkùnrin jókòó sí, bí okùn àtíbàbà bá so kókó, ọmọdé la máa rán lọ sílé ìdáná pé kó lọ mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹran wá. Ọ̀bẹ gígùn tí kò ní àkọ̀, lọ́wọ́ ọmọdé tó ń sáré bọ̀ láàárín àga. A kò ka ìyẹn sí ewu.

Ẹ wo ohun tá a fi rọ́pò ọ̀bẹ àpò. Àkọ́kọ́ ni eyín. Eyín la fi ń ṣí píọ̀ wọ́tà, eyín la fi ń já okùn, oníṣẹ́ iná sì ń fi eyín bó wáyà. Ìkejì ni bíléèdì, òun ló sì burú jù. Irin bíléèdì kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Wọ́n ṣe é kó wà nínú ohun ìfárùngbọ̀n tó máa dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Kò ní èkù. Àwa wá ń fi ìka méjì mú un, a ń fi í tú aṣọ, a ń fi í bó ọsàn, a ń fi í gé èékánná, a sì ń ṣẹ́ ẹ sí méjì ká lè fún ọmọ iléèwé ní ìdajì láti fi gbẹ́ pẹ́ńsù. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdajì bíléèdì kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ya débi tí wọ́n fi rán an. Iléèwé náà kò gba ọ̀bẹ láàyè rárá, bíléèdì sì wà nínú ìwé àwọn ohun tí òbí gbọ́dọ̀ rà fún ọmọ. Ọmọ náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ìka náà kì í ká délẹ̀.

Kì í ṣe irin là ń bẹ̀rù. Ọmọ Ògún ni wá. Ní kóòtù, bí ẹlẹ́sìn Kristi ṣe ń fi Bíbélì búra, tí mùsùlùmí ń fi Kùránì búra, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń fi irin búra, adájọ́ sì ń gbà á. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ọjà Òkè-Ajé ń fi ọ̀bẹ tó gùn ju ọwọ́ lọ gé ẹ̀fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a ń dúró níwájú rẹ̀, a ń ná ọjà. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wọ̀lú, ìbọn ń dún lọ́wọ́ wọn lákọlákọ, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́, orí mi sì máa ń wú.

Ọ̀rọ̀ Iléyá yìí kan ohun tí mò ń sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ànábì pa á láṣẹ pé kí ẹni tó fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa kí ẹran má bàa jìyà. Ta ló ń pọ́n ọ̀bẹ nílé wa? Ẹni tó ní ọ̀bẹ tirẹ̀ lápò ló máa ń mọ̀ bí ó bá ti kú, òun ló máa ń wá òkúta. Ọ̀bẹ ìdáná jẹ́ ti gbogbo ilé, ohun tó bá sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo ti rí àgbò tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà lọ́rùn síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó, tí ojú ẹranko náà là sílẹ̀ tó ń wo gbogbo wa. Àwọn tó dì í mú jẹ́ ọkùnrin márùn-ún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn wà lára ìdí tí mo fi ń kọ èyí.

Irú bá a ṣe kọ ọ̀bẹ àpò sílẹ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Japan, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀bẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní higonokami. Irin kan ni, tó ká sínú pẹlẹbẹ irin míì tí wọ́n tẹ̀ bí èkù. Kò sí sípíríǹgì, kò sí lọ́ọ̀kù. Ìlú Miki ni wọ́n ti ń rọ ọ́, òun sì làwọn ọmọ iléèwé fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọmọ ọdún 17 kan gun Inejiro Asanuma, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Socialist, pa lórí pèpéle níbi tó ti ń bá èrò sọ̀rọ̀. Idà ló fi gún un. Síbẹ̀ ìpolongo gbilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà pé kí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n sì gbà á. Iṣẹ́ àwọn tó ń rọ higonokami wó lulẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù ní Miki tó ṣì ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà. Idà ló ṣẹ̀, ọ̀bẹ pẹ́ńsù ni wọ́n fìyà jẹ.

Ní tiwa, kò sí ìpolongo kankan. Ìtìjú la fi lé ọ̀bẹ jáde lápò, ohun tó sì tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ rò. Nígbà tí tísà, àgbẹ̀, télọ̀ àti oníṣòwò obì kò bá ra ọ̀bẹ àpò mọ́, ta ló kù tó ń rà á? Ọlọ́jà kì í kó ọjà tí kò ní oníbàárà. Mo rìn yí Òkè-Ajé po, mo dé Ọjà Tuntun, mò ń wá ọ̀bẹ kékeré tí mo fẹ́ fi ta ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Ohun tí wọ́n gbé jáde fún mi ni ọ̀bẹ dúdú kirikiri tó ní eyín bí ayùn, tó ń ta síta fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀. Òmíràn ní àwòrán agbárí òkú lára èkù. Mo bi ọmọ tó ń tà á pé ta ló ń ra irú èyí. Ó ní, “Bàbá, àwọn bọ́ìsì ni.” Mo ní ṣé kò sí kékeré tí kò ní bọ́tìnnì, èyí téèyàn ń fi èékánná ṣí. Ó ní ìyẹn kì í tà.

Kì í tà! Ẹ̀rí mi nìyẹn. A ní kí èèyàn rere má rà á, èèyàn rere kò rà á, èyí tó bá èèyàn rere mu sì kúrò lọ́jà; èyí tó bá jàgùdà mu ló kù. A wá ń nàka sí èyí tó kù pé, ṣé ẹ rí i, ti jàgùdà ni.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń ta kò mí máa sọ. Á ní ọ̀bẹ ẹlẹ́fọ̀ọ́ hàn síta, gbogbo èèyàn ń rí i. Ti àpò fara pamọ́, ohun tó fara pamọ́ ló sì ń pa èèyàn. Á ní ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti sọ ọ̀dọ́ púpọ̀ di òkú ní Ṣàgámù, ní Abẹ́òkúta, àti nínú Ìjẹ̀bú-Òde níbí, pé ìyá tó ti sin ọmọ kò ní dúró gbọ́ àlàyé ọ̀bẹ. Òótọ́ ni. Mo ti jókòó ti irú ìyá bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé ọ̀bẹ gbogbo ló dára. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀bẹ ló ń sọ iṣẹ́ tó wà fún, èyí tí mo sì ń gbèjà kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ jà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ wò lára ọ̀bẹ tó ṣeé ká ni bóyá ó ní lọ́ọ̀kù. Èyí tó bá ní in, bó bá ti ṣí tán, irin kan á bọ́ há a lẹ́yìn, kò ní padé mọ́ àfi bí olówó rẹ̀ bá tú u. Èyí tí kò ní in, sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́yìn èkù ló kàn ń tì í, tó ń jẹ́ kó dúró bó bá ṣí, tó sì ń jẹ́ kó dákẹ́ bó bá padé. Bí ẹ bá ń fi í gé nǹkan, agbára ọwọ́ yín ń tì í síbi tó ṣí sí, kò séwu. Àmọ́ bí ẹ bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ohun líle, ó lè padé lé ìka yín. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ọ̀bẹ yìí gún ọmọnìkejì rẹ̀, ìka ara rẹ̀ ló fi tọrẹ. Ó tún ń béèrè ọwọ́ méjì: ọwọ́ kan á di èkù mú, èékánná ọwọ́ kejì á wọ ojú ilà tóóró tó wà lára irin, á sì fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi í kó jìnnìjìnnì bá èèyàn ní kọ̀rọ̀.

Èyí tí mo ní kẹ́ ẹ yàn nìyẹn. Kò ní lọ́ọ̀kù, kò ní bọ́tìnnì, ọwọ́ méjì ló ń ṣí i, irin rẹ̀ kò gùn ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ẹ má ra dúdú. Ẹ ra èyí tí èkù rẹ̀ pupa tàbí tó jẹ́ igi, tí ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ yín á fi rò pé ọsàn lẹ fẹ́ bó.

Ìwọ̀n ínǹṣì mẹ́ta yìí kì í ṣe àbá orí mi. Ẹ bi àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ń kó ìlú náà lóminú lójoojúmọ́, òfin wọn sì le. Láti ọdún 1959 ni wọ́n ti fi òfin de ṣíṣe àti títa ọ̀bẹ tó ń fi bọ́tìnnì ta síta. Lọ́dún 1988, wọ́n tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ohun ẹlẹ́nu mímú kiri níta láìní ìdí tó yè kooro. Òfin 1988 yìí kan náà yọ ohun kan sílẹ̀: ọ̀bẹ àpò tó ṣeé ká, tí ẹnu rẹ̀ kò gùn ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ilé ẹjọ́ wọn sì ti là á yéni pé bó bá ti ní lọ́ọ̀kù, kò sí lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń sunkún ọ̀bẹ ló jókòó, tí wọ́n rò ó, tí wọ́n sì ya ọ̀bẹ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ìjà. Òfin ìwà ọ̀daràn tiwa náà, ẹni tó gbé ohun ìjà jáde ní gbangba láìnídìí, lọ́nà tó ń dẹ́rù ba aráàlú, ló ń bá wí. Ìwà èèyàn ló ń wò.

Ó yẹ kí n dárúkọ àwọn díẹ̀ tẹ́ ẹ lè bá pàdé. Okapi làwọn àgbà kan lè mọ̀: èkù igi, òṣùpá àti ìràwọ̀ lára rẹ̀, òrùka lẹ́yìn rẹ̀. Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1902 fún títà ní Áfíríkà, kí iṣẹ́ náà tó kó lọ sí South Africa lọ́dún 1988. Irin rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kì í ga, àmọ́ ó gùn, ó ṣóńṣó, ó sì ní lọ́ọ̀kù. Ọ̀bẹ oko ni, kó wà lóko. Opinel ti ilẹ̀ Faransé rẹwà púpọ̀. Joseph Opinel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1890, wọ́n sì fi òrùka tó ń há a kún un lọ́dún 1955. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ títóbi rẹ̀. Irin nọ́ńbà 8 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.5, ó ti gùn jù fún ohun tí mò ń wí, ẹ wo èyí tó kéré sí i, tí kò ní òrùka náà. Igi èkù rẹ̀ máa ń wú nígbà òjò, òjò Ìjẹ̀bú sì kì í ṣe òjò kékeré. Mo ti ní ọ̀kan tí mo fi odindi oṣù Keje jà pẹ̀lú rẹ̀ kó tó ṣí. Douk-Douk náà, Thiers ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1929, wọ́n sì tà á dé àwọn ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso ní Áfíríkà. Kò ní lọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n sípíríǹgì rẹ̀ le débi tó ń ṣẹ́ èékánná.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí mo gbà, Victorinox kékeré ni. Karl Elsener dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Switzerland lọ́dún 1884, nígbà tó sì di 1891, ó ti ń kó ọ̀bẹ fáwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ọ̀bẹ tí wọ́n fún sójà nígbà náà láti fi ṣí agolo oúnjẹ àti láti fi tú ìbọn palẹ̀ ni ọ̀bẹ tí kò ní lọ́ọ̀kù yìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ogun gan-an, ọ̀bẹ iṣẹ́ ni wọ́n fi sí i lápò. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ìyẹn sì mú mi dé orí irin.

Àwa máa ń rò pé èyí tó bá ń dán ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi irin méjì ló wà. Ọ̀kan ni irin dúdú, irú èyí táwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ̀. Ó máa ń mú kíákíá lórí òkúta, ẹnu rẹ̀ ń dúró, ṣùgbọ́n ó ń dípẹtà, omi ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì máa ń sọ ọ́ di dúdú. Èkejì ni irin tí wọ́n po chromium mọ́, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kó má bàa dípẹtà. Fún ẹni tí òógùn ń bọ̀ lára rẹ̀, tó ń gbé ọ̀bẹ sápò ní ilẹ̀ òjò bí tiwa, èkejì ló rọrùn. Fún ẹni tó ní sùúrù láti nù ún, kó sì fi àdí díẹ̀ ra á lára, àkọ́kọ́ ló dùn ún lò jù. Ohun tí kò dára fún ẹnikẹ́ni ni irin rírọ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ dídán bò, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà: ọjọ́ méjì péré, ó ti kú.

Ẹ má tijú níwájú ìsọ̀. Ẹ ṣí ọ̀bẹ náà, kẹ́ ẹ fi ìka méjì mú irin rẹ̀, kẹ́ ẹ mì ín lọ́tùn-ún lósì. Bó bá ń mì níbi tó ti so mọ́ èkù, ẹ dá a padà. Ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wò ó látòkè: àárín gbùngbùn ló yẹ kí irin wà, kó má fara kan ẹ̀gbẹ́. Ẹ fetí sí i bó ṣe ń padé, sípíríǹgì tó dáa máa ń dún ṣáká. Lẹ́yìn náà, ẹ gba bébà kan lọ́wọ́ ọlọ́jà, kẹ́ ẹ fi gé e láti òkè wá sílẹ̀. Bó bá ń ya á, kò mú. Bó bá sì kú lọ́jọ́ iwájú, ẹ kò nílò ohun tó wọ́n: ẹ dojú àwo tánganran délẹ̀, etí ìdí rẹ̀ tí kì í dán yẹn, tó rí bí yanrìn, ni ìyá mi fi pọ́n ọ̀bẹ fún ogójì ọdún.

Àwọn ibi kan wà tí kò yẹ kó bá yín dé. Mo ti sọ ti báńkì. Kóòtù, pápákọ̀ òfuurufú, ibi ìdìbò àti ọgbà iléèwé náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ fi sílé pátápátá. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn yín pé ọ̀bẹ kékeré wà lápò ọ̀tún yín, kẹ́ ẹ sì sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣe. N kò ní ká fún ọmọdé ní ọ̀bẹ ká sì máa lọ. Mo ní kí bàbá jókòó ti ọmọ rẹ̀, kó fi bí wọ́n ṣe ń bó ọsàn hàn án, bí kò ṣe yẹ kí ẹnu ọ̀bẹ kọjú sí ara ẹni, bí wọ́n ṣe ń fi èkù ṣíwájú bí wọ́n bá ń na ọ̀bẹ séèyàn. Ọmọ tí a kò kọ́ ní ọ̀bẹ nílé, bọ́ìsì ni yóò kọ́ ọ níta, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀ yàtọ̀.

Nígbà tí mo rí i pé kò sí èyí tí mo fẹ́ lọ́jà, mo mú ọ̀bẹ bàbá mi tọ alágbẹ̀dẹ kan lọ nígboro. Sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá ló fi ń rọ àdá, ayùn tó ti gbó ló fi ń rọ ọ̀bẹ ìdáná. Ó gba ọ̀bẹ náà, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó gbé e sẹ́bàá etí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo lè ṣe èyí. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ rí ni.” Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà á. Ó gé irin rẹ̀ lára ayùn, ó fi igi ìrókò ṣe èkù, ó fi ìṣó bàbà so wọ́n pọ̀. Kò ní sípíríǹgì. Ó fún un há débi tí kì í ṣí àfi béèyàn bá fà á. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì méjì àti ààbọ̀.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lọ béèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àdúgbò yín, ẹ béèrè ní Òkè-Ajé, ẹ tún padà lọ béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ọmọ tó ń ta ọ̀bẹ agbárí yẹn lè mọ̀ pé àwa náà ń rà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi tirẹ̀ gé òwú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sí bíléèdì lórí máṣíìnì rẹ̀ mọ́.